Iwájú Ni Ilẹ̀ Wà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè mú kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ju ife tíì mọ́lẹ̀ níwájú àlejò. Kì í ṣe èébú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rírùn. Gbogbo ìyá ló ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń jáde nílé láàárọ̀, gbogbo aya ló ń sọ ọ́ fún ọkọ tó ń rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ náà ni "padà".

Lọ́jọ́ kan, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá sí pápá bàálù wa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti wa bàálù. Bàtà rẹ̀ ń dán, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Ire lo máa bá lọ, ire lo máa bá padà wá." Kó tó pa ẹnu dé, ẹ̀gbọ́n mi ti wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ!"

Ọkùnrin náà wo ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo ti ń din ẹyin, bí ẹni pé kí n wá gba òun sílẹ̀. Ó ní, "Àdúrà ni mo ń ṣe fún ọmọ mi o."

"Àdúrà kọ́ nìyẹn. Ẹ ń kọ́ ọ bó ṣe máa kú ni. Ẹ sọ pé kó balẹ̀ ire, kí ẹ dákẹ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fi búrẹ́dì bo ẹnu kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Àǹtí Iwájú ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ tó fi ń jí tó sì fi ń sùn nìyẹn: iwájú, iwájú, iwájú. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Bóyá nǹkan kan ṣoṣo tí kò bínú sí láyé yìí nìyẹn.

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó wà nínú pápá náà, ṣọ́ọ̀bù páákó tó fẹ̀yìn ti yàrá rédíò. Yàrá yẹn ni wọ́n ti ń bá ẹni tó wà lókè sọ̀rọ̀. Páákó fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín wa. Bí wọ́n bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Torí náà, ohun tí mo bá sọ níbí, etí mi ló gbọ́ ọ, wọn ò rò ó fún mi. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ní orí ẹ̀gbọ́n mi ti yí. Mo ti gba àwo lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹyin ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kó lọ jẹun níbi tí orí kò ti yí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Bàálù ilé ẹ̀kọ́ wa kéré, èèyàn méjì péré ló ń gbà, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà nímú rẹ̀ tó ń yí abẹ̀bẹ̀. Àwọn bàálù ńlá tí ẹ ń rí lójú sánmà, bí ẹ́ńjìnnì kan bá dákẹ́, èkejì á ṣì gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Tiwa kò ní ìkejì. Bó bá dákẹ́, ó dákẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé á já lulẹ̀ bí òkúta o. Á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwòdì tó na apá láì jù ú. Bí o bá ti lọ sókè dáadáa, o láyè láti wá ibi tó tẹ́jú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tí òrùlé ilé ṣì tóbi lábẹ́ rẹ, kò sáyè kankan. Tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀, kí o kọrí sí ohunkóhun tó bá wà níwájú, oko ni o, pápá màlúù ni o, kí o sì balẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ yí i padà síbi tí òun ti gbéra, afẹ́fẹ́ á sá kúrò lábẹ́ apá bàálù náà, á sì dorí kodò.

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Síbẹ̀ èèyàn ni èèyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà ọlọ́dà tó tẹ́jú tí bàálù ti ń gbéra wà, ẹ̀yìn ni àwọn èèyàn rẹ̀ dúró sí, ẹ̀yìn ni ilé wà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nígbà tí àyà rẹ̀ bá já, ibo lẹ rò pé ọwọ́ rẹ̀ máa yí sí?

Ìbínú ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ṣá. Màmá wa ní ó ti fajú ro kí wọ́n tó gé ìwọ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé pápá bàálù, aṣọ ìjókòó ló wá rán. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí igun ilé tí wọ́n ń kó bàálù sí, ó ń rán awọ fún ìjókòó tó ti ya, ọkùnrin méjìlélógún ló ń kọjá lójoojúmọ́ láì kí i. Lọ́jọ́ kan ó bá Ọ̀gá nínú ọ́fíìsì. Ọ̀gá ló ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ó ti dàgbà tó bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀gá, ìjókòó tí mo ń rán yìí, mo fẹ́ jókòó sí i." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rín Ọ̀gá fi tán lẹ́nu.

Ọkùnrin tí wọ́n ní kó kọ́ ọ ló padà fẹ́ ẹ. Bùrọ̀dá ni èmi ń pè é. Kò sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń jágbe, á ní, "Ẹ wò ó, ẹ́ńjìnnì méjì ni mo ní, ọ̀kan wà ní pápá, ọ̀kan wà ní ìdáná, èyí tó wà ní ìdáná ni kì í kú." Ẹ̀gbọ́n mi á fẹ́ bínú sí i, á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹlòmíì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yìn mi ni ọmọ wọn wà lọ́jọ́ tí Bùrọ̀dá kú. Ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, koríko tutù, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà, ó ń juwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Bàálù sáré, ó gbéra, ó kọjá òkè igi. Lẹ́yìn náà ni ariwo rẹ̀ tán. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé mo gbọ́ ohùn ẹyẹ. Kí n tó lè ní "hàà", mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá láti inú yàrá rédíò, ohùn tó fẹ́ fa páákó ya: "Padà! Padà wá! Yí i padà wá!"

Bùrọ̀dá yí i.

Mi ò ní sọ ohun tí ojú wa rí. Àwọn tó wá yẹ bàálù náà wò ní omi ló wọ inú epo. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni. Ó ní omi ló pa ẹ́ńjìnnì, ẹnu Ọ̀gá ló pa ọkọ òun. Ọ̀gá sunkún, mo rí i, ó sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tó nu ojú tán, ohun tó sọ ni pé, "Awakọ̀ ló ń pinnu ohun tó máa ṣe." Ẹ ò rí i? Èmi tí mò ń ta búrẹ́dì, inú bí mi gan-an. Ẹnu rẹ ló pe èèyàn wá síbi ikú, o wá ní òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pe Ọ̀gá ní "ìwọ". Ọkùnrin tó lè bí i lọ́mọ! Àwọn èèyàn ta kété, wọ́n ní ìwà burúkú ni, wọ́n ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí n pè é ní 'ẹ̀yin' ló yẹ kó gba ohun tó fi ẹnu rẹ̀ ṣe." Màmá wa ní sùúrù ni baba ìwà. Ó ní kí sùúrù lọ bá bàbá rẹ̀ gbé.

Ẹ máa béèrè ìdí tí kò fi kúrò níbẹ̀. Èmi náà béèrè. A ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lórí tábìlì mi, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ta ló máa sọ fún wọn?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di olùkọ́, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láì jìyà díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń fìyà jẹ wọ́n. Bí ọmọ èèyàn bá ti gbé tíì sẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi á yọ lẹ́yìn rẹ̀, á fọwọ́ lu tábìlì: "Ó kú!" Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń tẹ imú bàálù wálẹ̀, kó sì sọ ohun tó wà níwájú kíákíá.

"Ó kú!"

"Oko ẹ̀wà, mà!"

"Lẹ́yìn oko ẹ̀wà ńkọ́?"

"Pápá màlúù, mà!"

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?"

"Kò sí ẹ̀yìn, mà!"

Ife mi tó ti fọ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò lóǹkà. Obìnrin kan tó wá kí àbúrò rẹ̀ gbọ́ "Ó kú!", ó figbe ta, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń béèrè, "Ta ni? Ta ló kú?" Gbogbo wọn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ́ńjìnnì!" Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó lè jókòó.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ tó wà níwájú ọ̀nà ọlọ́dà náà. Á wọ bàtà rọ́bà, á kọjá ọgbà, á wọ inú oko àwọn olóko. Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò tuntun, ó fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá ri òpó mọ́lẹ̀, á bá wọn jà títí wọ́n á fi yọ ọ́. Àwọn olóko bẹ̀rù rẹ̀ ju òjò yìnyín lọ. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun kì í gbin nǹkan mọ́ láì ro ohun tí Àǹtí Iwájú máa sọ.

Àwọn òbí tó rí jájẹ máa ń béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá pé ṣé bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan kò léwu. Ọ̀gá á gbá ìbòrí ẹ́ńjìnnì pẹ́pẹ́ bí ẹni gbá ẹ̀yìn ẹṣin, á ní, "Èyí? Èyí ò lè já wa kulẹ̀ láé." Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà nítòsí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́ nìyẹn. "Parọ́ fún wọn dáadáa! Ó máa kú. Bó bá pẹ́ títí, ó máa kú. Ẹ má béèrè bóyá ó máa kú, ẹ béèrè ibi tí ọmọ yín á kọjú sí lọ́jọ́ tó bá kú." Òbí mìíràn á mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá á kàn máa wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti bá a ṣe àdéhùn pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń gbéra, òun kò ní fọwọ́ kan rédíò. Á dúró sínú yàrá náà, á kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló máa ń mú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ dání.

Ọmọ ẹ̀yìn mi ọjọ́sí dàgbà, ó di ọmọge. Alágídí là ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bí awọ. Ẹ̀rù ba èmi nígbà tó ní òun fẹ́ fò. Ẹ̀rù kò ba ìyá rẹ̀, tàbí kí n sọ pé ìbínú ló fi bo ẹ̀rù. Láti kékeré ló ti ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń rìn lọ sí iléèwé, á ní "Ó kú!", ọmọ á ti ọwọ́ síwájú, á ní, "Ilé oníbúrẹ́dì!" Bí wọ́n bá ń jẹun: "Ó kú!" "Ọbẹ̀!" Mo ti rí ọmọ yẹn tó ń sùn lórí ẹní, tí mo fi ṣeré tí mo ní "Ó kú" wẹ́rẹ́ sí i létí, ọwọ́ rẹ̀ sún síwájú lójú oorun. Ẹ̀rín pa mí, àánú sì ṣe mí.

Ìyá rẹ̀ sọ fún un, ní ojú mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: "Bí ó bá kú, má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ì báà jẹ́ ọba ló ń pè ẹ́ padà, má dá a lóhùn."

Nígbà tó tó àkókò tí Alágídí máa dá nìkan gbé bàálù lọ sókè, Màmá wa ní dandan òun máa wá. Arúgbó ti ń fi ọ̀pá rìn, a gbé àga fún un síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Wàá lọ, wàá—"

"Màmá!" Ẹ̀gbọ́n mi ló ké. "Mo bẹ̀ yín. Balẹ̀ ni kí ẹ sọ. Kó balẹ̀ ire."

Inú bí Màmá. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti mú ìbínú náà kúkú nìyẹn. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní àdúrà? Àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún mi títí orí mi fi funfun, òun ló wá di májèlé lónìí?"

"Òun ló pa bàbá ọmọ yìí, Màmá."

Alágídí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ìyá àgbà, ó ń wo ìyá. Màmá mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Ọkàn rẹ á balẹ̀. Ara rẹ á balẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì á balẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ní àmín, ohùn rẹ̀ ga ju ti gbogbo wa lọ. Ó wá wọ yàrá rédíò. Ọ̀gá tẹ̀ lé e, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Mo pa iná ìdáná. Ta ló fẹ́ jẹun? Mo jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ojú fèrèsé yàrá rédíò ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ ohùn Alágídí nínú rédíò, ó ń sọ pé òun ti ṣe tán. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó le, ó gbẹ: "Ọ̀nà ṣófo. Gbéra."

Bàálù sáré kọjá níwájú wa, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Màmá ń pàtẹ́wọ́. Bàálù kọjá ọgbà, ó kọjá òkè igi.

Ariwo rẹ̀ já bí okùn.

Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti wà nínú etí mi láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ẹyẹ. Mo gbọ́ ọ̀pá Màmá tó bọ́ lulẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn láti ojú fèrèsé, ohùn tí mi ò gbọ́ rí láyé mi, ohùn obìnrin tó ń rọbí:

"Padà! Ọmọ mi, padà! Padà wá, jọ̀ọ́, padà wá o!"

Kì í ṣe Ọ̀gá. Mo yíjú, mo rí Ọ̀gá nínú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó di ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń pe ọmọ rẹ̀ padà.

Apá òsì bàálù náà rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo rí i. Mo fẹ́ di ojú mi, ọwọ́ mi kọ̀ láti gbéra. Apá náà rẹlẹ̀ díẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Ó wá gbéra padà, ó dọ́gba. Imú rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ó yọ̀ lọ sẹ́yìn igi, a ò rí i mọ́. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọkọ̀ Ọ̀gá la kó sí. Ó ń wà á bí wèrè lórí kòtò àti gegele, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn lórí jáàkì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tó mú olè.

Bàálù náà wà nínú oko ẹ̀wà. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti ká sábẹ́, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀, ó fa ìlà gígùn kan sórí ẹ̀wà olóko, àmọ́ ó dúró déédéé. Alágídí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà létè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, ó ṣubú, ó dìde, ó na apá méjèèjì ó ń sáré lọ bá a.

Ọmọ náà kò wọ inú apá yẹn. Ó tì í kúrò.

"Kí lo pè mí padà fún?"

Ó pe ìyá rẹ̀ ní "o". Èmi ti gbé ẹsẹ̀ láti lọ gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ dá mi dúró láì wò mí.

"Mo ní kí lo pè mí padà fún! Mo ti tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀, mo ti rí oko ẹ̀wà, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn rẹ. Ká ní Ọ̀gá ni, mi ò bá ti rẹ́rìn-ín! Ká ní ẹlòmíì ni! Ohùn rẹ ni. Ọwọ́ mi ti ń yí i, ṣé o mọ̀? Ọwọ́ mi ti ń yí i fúnra rẹ̀, torí pé ìwọ lo sọ ọ́!" Ó na ìka sí bàálù náà. "Mo pa rédíò. Ó di dandan kí n pa ẹnu rẹ kí n tó lè yè. Ta ló kọ́ mi pé kí n má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni?"

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n mi sọ.

"Ta ni?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Èmi ni."

Kò gbèjà ara rẹ̀. Obìnrin tó máa ń bá òpó jà dúró sínú ẹ̀wà, ọmọ rẹ̀ ń jágbe mọ́ ọn, ó ń gbà á, ó ń gbà á. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju òun lọ, tirẹ̀ náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ohùn ọmọ náà ha, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Ọ̀gá. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, arúgbó ti hàn lára rẹ̀ lójijì. Mo rò pé ó máa bú u. Mo ti ṣe tán láti bá a bú u.

Ó ní, "Ṣé báyìí ló ṣe jáde lẹ́nu yín náà?"

Yín. Mo gbọ́ ọ, Ọ̀gá náà gbọ́ ọ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ wa.

"Báyìí náà ni. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹlòmíì sọ ọ́." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ kò sì nù ún. "Ẹnu mi ni, ìyá. Kì í ṣe awakọ̀. Ẹnu mi ni."

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí nìyẹn láti ìgbà tí ọmọ ti wà lẹ́yìn mi. Kò dùn mọ́ ọn. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kò dùn mọ́ ọn rárá.

Ó ní, "Inú ṣì ń bí mi sí yín o."

"Mo mọ̀," Ọ̀gá sọ.

"Ó sì ń bí mi sí ara mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ewé ẹ̀wà kúrò lára bàtà ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn ni iṣẹ́ tó bá wá. Alágídí ṣì fajú ro, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ètè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè wò ó láti ilẹ̀.

"Ṣé inú ń bí ẹ sí mi gan-an?"

"Gan-an ni!"

"Ó dáa. Má jẹ́ kó rọ̀ o. Lọ́jọ́ tí mo bá tún pè ẹ́, má jẹ́ kó tíì rọ̀."

Ọmọ náà na ọwọ́, ó fà á dìde. Olóko ti ń bọ̀ láti òdì kejì, ó ń pariwo nítorí ẹ̀wà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lágbára láti bá a jà nínú wa. Ìgbà yẹn tí ẹsẹ̀ gbogbo wa ti wà nílẹ̀ la tó yíjú padà sí pápá.